Títí, Ojú Ràṣídà Kì Í Ṣe Tìrẹ

Lọ́tò, Mówè.

Títílayọ̀ ọmọ mi, àkọ́bí mi, ọmọ tí mo gbé kámẹ́rà lé lọ́wọ́ kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń di okùn bàtà,

Mo kí ọ. Mọ́mì rẹ náà kí ọ. Ara wa le, àfi orúnkún mi tó ń dún bí ìlẹ̀kùn tí kò rí epo. Mo mọ̀ pé bí o bá ti rí bí ìwé yìí ṣe gùn tó, wàá ní, "Dádì tún ti dé." Bẹ́ẹ̀ ni, mo tún ti dé. Lórí fóònù, o máa ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu, èmi náà á gbaná jẹ, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì á sì bá wa parí ìjà. Pépà kì í já ọ̀rọ̀ gbà. Bí mo bá kọ ọ́ tán, màá ya fọ́tò ojú ewé kọ̀ọ̀kan, màá fi ránṣẹ́ sí ọ lórí Wasáàpù. Jọ̀ọ́, kà á dé ìparí kí o tó pè mí.

Ọkàn mi kò balẹ̀, Títí. N kò ní purọ́ fún ọ. Láti ìgbà tí o ti sọ fún wa pé o ti fi iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ ní Mánṣẹ́sítà, pé fíìmù tara rẹ lo fẹ́ máa ṣe, fíìmù tòótọ́ tí kò ní òṣèré nínú, ni oorun mi ti di oorun ajá: etí kan ń sùn, etí kan wà lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí iṣẹ́ tí o fi sílẹ̀ nìkan ni mo ṣe gbé bírò. Torí Ràṣídà ni.

Jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ní Sátidé tó kọjá, mò ń fọ bọ́ọ̀sì iléèwé tí mo fi ń gbé àwọn ọmọ Àrèpo. Mo rí ìyá kan tó ń bọ̀ láti ọ̀nà márosẹ̀, ó wọ híjáàbù aláwọ̀ ewé, ó ń yára rìn bí ẹni tí òjò ń lé. N kò dá a mọ̀ títí ó fi sún mọ́ mi tó ní, "Bàbá Títí, ẹ kú iṣẹ́ o." Ìyá Ràṣídà ni, ìyá tó ń ta ike àti abọ́ rọ́bà ní Ìbàfò, tí èmi àti ìwọ lọ bá nígbà tí o wálé kẹ́yìn. Ìwọ náà rántí. Èmi ni mo wà ọ́ lọ. Èmi ni mo bá ọ gbé iná dání kí òjìji má baà bò ó lójú, nígbà tó ń ránṣẹ́ ìkíni sí ọmọ rẹ̀ tó ń tọ́jú àwọn arúgbó lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún, Ràṣídà tí gbogbo fíìmù rẹ dá lé lórí.

Mo ní kó jókòó, ó kọ̀. Mọ́mì rẹ bu omi wá, kò mu ún.

"Ọkọ Ràṣídà ti wá," ó wí.

Mọ́mì rẹ ní, "Ọkọ wo?"

"Ẹni tó fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná jó o léjìká. Ẹni tí a sá fún."

Ó ní ọ̀sán gangan ni ọkùnrin náà dé ṣọ́ọ̀bù òun, pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú àwọn oníbàárà. O mọ̀ pé nítorí ọkùnrin yìí ni ìyá náà ṣe kó kúrò ní Agége, tí kò sì sọ ibi tó ń lọ fún ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin náà ní, "Mọ́mì, mo rí yín nínú fíìmù. Ẹ mà rẹwà o! Mo rí orúkọ mọ́ṣáláṣí tó wà lẹ́yìn yín, mo ní háà, ṣé Ìbàfò kọ́ rèé? Ọlọ́run ló fẹ́ ká tún fojú kanra." Ó yọ fóònù, ó fi fídíò kékeré tí o gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì láti fi polówó fíìmù náà hàn án. Ràṣídà náà wà níbẹ̀, nínú aṣọ iṣẹ́, tó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ wo bí ara rẹ̀ ṣe ń dán. Mánṣẹ́sítà ló wà, àbí? Mo ní àbúrò níbẹ̀. Ẹ ṣáà fún mi ní àdírẹ́sì rẹ̀, kí àbúrò mi lọ bá mi kí i."

Ìyá náà ní òun kò mọ àdírẹ́sì kankan. Ọkùnrin náà kò bínú. Ó ní, "Kò burú, Mọ́mì. Màá padà wá." Ó gbé búrẹ́dì náà sórí àwọn abọ́, ó lọ.

Bó ṣe sọ ọ́ tán, ó kọjú sí mi. "Bàbá Títí, ṣé ọmọ yín ò lè yọ ọ́ kúrò ni? Ràṣídà ní òun ti bẹ̀ ẹ́."

Mo pè ọ́ lójú ẹsẹ̀. O rántí ohun tí o sọ? Jẹ́ kí n rán ọ létí. O ní, "Dádì, mo mọ̀, Ràṣídà ti pè mí. Ṣùgbọ́n ó ti fọwọ́ síwèé. Mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún un kó tó fọwọ́ sí i. Tí mo bá yọ ojú ẹ̀, kò sí fíìmù mọ́ nìyẹn. Wọ́n ti gbà á síbi ayẹyẹ fíìmù, àwọn tẹlifíṣọ̀n tó fẹ́ rà á máa sá lọ. Ẹ ò mọ ohun tí mo ti fi sílẹ̀ nítorí fíìmù yìí. Ẹ má wọ̀ọ́rì, Agége jìnnà síbí." O ní ìpàdé ń dúró dè ọ́, o gé fóònù.

Ohun tí o kò mọ̀ ni pé fóònù wà lórí sípíkà. Ìyá Ràṣídà gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó kàn ń fi etí híjáàbù rẹ̀ nu ọwọ́ tí kò tutù.

Títí, ojú tì mí. Ojú tì mí ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó bà mí ju ìtìjú náà lọ, nítorí mo ti gbọ́ irú ohùn tó ń rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí. N kò sọ ìtàn rẹ̀ fún ọ rí. Mo rò pé kò ní kan ọmọ mi láyé.

Ní Ifọ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́ fọ́tò, ìyẹn o mọ̀. Lẹ́yìn tí mo gba fírídọ̀ọ̀mù, ọ̀gá mi, Ọ̀gá Jímọ̀, ní kí n má tíì lọ, ká jọ máa ṣe é. Ṣọ́ọ̀bù wa kò jìnnà sí ibùdókọ̀ ojú irin. Ènìyàn dáadáa ni ọ̀gá mi. Kò níkà nínú. Ó kàn fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ ju oúnjẹ lọ, bí tìẹ náà ṣe rí.

Obìnrin kan wà tó ń dirun nítòsí wa, Àṣàbí ni wọ́n ń pè é. Ó dé sí Ifọ̀ pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré, ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tó ti wá, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tí Iléyá dé, òun àti ọmọ náà wá ya fọ́tò. Mo ti ya fọ́tò láyé mi, mo sì ti rí tí ẹlòmíràn yà, ṣùgbọ́n n kò tíì rí irú èyí. Ìmọ́lẹ̀ gba ojú fèrèsé wọlé, ó bà lé obìnrin náà lẹ́rẹ̀kẹ́, ọmọ náà sì gbójú sókè ń wò ó bí ẹni ń wo oṣù tuntun. Ọ̀gá mi tẹ̀ ẹ́ ní ńlá, ó fi férémù sí i, ó gbé e kọ́ síta níbi tí gbogbo ẹni tó bá sọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin yóò ti rí i.

Bí Àṣàbí ṣe rí i, ó sáré wá, ó kúnlẹ̀. "Ọ̀gá Fọ́tò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọ́ kalẹ̀. Kò yẹ kójú mi wà níta."

Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín. "Kí ló dé? Ṣé mo jí ojú ẹ ni? Ìwọ fúnra ẹ lo jókòó síwájú kámẹ́rà. Gbogbo oníbàárà tó ń wọlé báyìí, fọ́tò ẹ ló ń pè wọ́n. Jẹ́ kó ṣe ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i."

Mo bá a bẹ ọ̀gá mi. Ó ní kí n lọ máa bójú tó iṣẹ́ tó wà nílẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọkùnrin kan sọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin. Mo wà nínú yàrá òkùnkùn tí a ti ń fọ fọ́tò, mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀ níta. Ohùn tó tutù, tó dùn. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ta ló ya iṣẹ́ ńlá yìí?"

Ọ̀gá mi ní, "Èmi ni."

"Ọlọ́run á bù kún ọwọ́ yín. Àbúrò mi lobìnrin yìí. Ó ti pẹ́ tí a ti ń wá a. Ìyá wa ò gbádùn."

Inú ọ̀gá mi dùn pé fọ́tò òun ti bá ẹnìkan rí ẹbí rẹ̀. Ó jáde sí gbangba, ó nawọ́ sí ilé Àṣàbí.

Mo ju ohun tó wà lọ́wọ́ mi sínú omi, mo jáde, mo gba ẹ̀yìnkùlé sáré. Ó ti pẹ́ jù. Ọkùnrin náà ti gbé ọmọ lé èjìká, ọmọ ń ké, Àṣàbí di ọmọ lẹ́sẹ̀ mú. Oníbàárà tó ń dirun fún dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú orí tí wọn ò tíì dì tán, ó ń pariwo. Ọkùnrin náà kò na ẹnikẹ́ni, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn ní, "Ọmọ mi ni mò ń mú lọ. Bó bá wù ẹ́, máa bọ̀." Èmi àti àwọn kan dí i lọ́nà, ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ ní ká jáwọ́, pé ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni. Àṣàbí wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ó tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀, láìwọ bàtà, wọ́n lọ sí ibùdókọ̀. A kò gbúròó rẹ̀ mọ́ títí dòní.

Ọ̀gá mi sọ fọ́tò náà kalẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ta ló kù tó ń sọ ọ́ kalẹ̀ fún? Ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Abẹ́òkúta, ó lọ sí Èkó, ó ń béèrè obìnrin onídìrí tó ní ọmọ kan. Kò rí i. Láti ọjọ́ náà, kò gbé ojú ẹnikẹ́ni kọ́ síta láì kọ́kọ́ pè é kó wá wò ó. Bí ẹni náà bá tún padà wá lẹ́yìn ọdún méjì pé òun ò fẹ́ mọ́, á sọ ọ́ kalẹ̀, kò ní béèrè ìdí. Ó máa ń wí fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ pé, "Pépà ni tiwa. Ojú kì í ṣe tiwa."

Ọmọ mi, ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ nìyí, òun náà ló sì wúwo jù. Yọ fídíò náà kúrò. Má dúró di ìgbà tí o bá bá àwọn kan ṣèpàdé. Ìwé tí Ràṣídà fọwọ́ sí dára, n kò ní kí o má gba ìwé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó fọwọ́ sí i, kò mọ̀ pé ẹ̀rín òun lè gba Mánṣẹ́sítà dé Agége kí omi tó hó lórí iná. Ìwọ ni o mọ̀. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà ló ń ṣáájú. Bí ó bá mú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ já sí kòtò, kò lè sọ pé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn wá.

Èkejì, má fi fóònù bẹ Ràṣídà. Wọ ọkọ̀ lọ bá a nílé. Bó bá ń ti ibi iṣẹ́ dé, jẹ́ kó jẹun kí o tó sọ̀rọ̀. Kúnlẹ̀, ó jù ọ́ lọ. Gbé fíìmù náà dání, kí ẹ jọ wò ó, kó fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ka sí ibi tí kò fẹ́. O ní kò ní sí fíìmù mọ́ bí ojú rẹ̀ bá kúrò. Èmi kò mọ iṣẹ́ rẹ tó ọ. Fọ́tò ìgbéyàwó àti ti ìsọmọlórúkọ ni mo fi gbogbo ayé mi yà. Ṣùgbọ́n nínú èyí tí o fi hàn wá, ibi tó pa mí lẹ́kún ni ibi tó ti ń fi kànrìnkàn nu ẹ̀yìn ìyá àgbà òyìnbó yẹn, tó sì ń kọrin fún un lábẹ́lẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni mò ń wò. Ohùn rẹ̀ ni mò ń gbọ́. N kò rántí pé mo wo ojú rẹ̀.

Ó lè jẹ́ pé bàbá arúgbó ló ń sọ̀rọ̀. Ó lè jẹ́ pé àwọn tẹlifíṣọ̀n náà yóò sá lọ lóòótọ́. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sá lọ. A ó jọ jókòó ti òfò náà.

O ní n kò mọ ohun tí o fi sílẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, Títí. Nígbà tí fóònù oníkámẹ́rà kọ́kọ́ dé, mo ní àṣà ọlọ́jọ́ kúkúrú ni, yóò kọjá. Mọ́mì rẹ ní kí n wá nǹkan mìíràn mọ́ ọn, mo ní ayàwòrán ni mí, kí ni kí n tún wá? Bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀, mò ń nu dígí, tí ẹnikẹ́ni kò wọlé, àfi ẹni tó fẹ́ ṣẹ́ owó. Ìgbà tí a kó wá sí Mówè tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wa bọ́ọ̀sì iléèwé, oṣù mélòó kan ni n kò lè gbójú sókè wo ẹni tó mọ̀ mí ní Ifọ̀. Báyìí, àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ń pè mí ní Gírándípà, inú mi ń dùn sí i ju bí mo ṣe rò lọ. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ fún ọ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bó bá gba pé kí o padà lọ bá wọn ṣe iṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lọ. Kí o máa bá ẹlòmíràn gé fíìmù kì í ṣe ẹ̀gàn. Ẹ̀rù ohun kan ló ń bà mí: kí ebi má ta ọ́ débi tí wàá fi máa wo ojú ènìyàn bí ẹni ń wo ọjà.

Àwọn ìmọ̀ràn tó kù kéré. Jẹun. Nígbà tí o wálé, mo rí i pé kọfí lo fi ń ṣe oúnjẹ àárọ̀. Bí o bá ń lọ síbi tó jìnnà láti lọ ya nǹkan, má dá lọ, kí ẹnìkan sì mọ ọ̀nà tí o gbà. Wá ọ̀rẹ́ tí kò sí nínú iṣẹ́ fíìmù, tí yóò lè wò ọ́ lójú sọ pé, "Títí, èyí kò dáa." Ní ti ọ̀rọ̀ ọkọ, Mọ́mì rẹ ní kí n kọ ọ́ síbí pé ọ̀dọ́kùnrin kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà ní Líídìsì. Mo ti kọ ọ́. N kò fi nǹkan kan kún un.

O tún gbọ́dọ̀ mọ èyí: n kò ní kí o fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ọjọ́ tí mo wo fíìmù rẹ àkọ́kọ́, èyí tí o ṣe nípa àwọn tó ń gbá títì, mo jáde lọ sí ẹ̀yìn ilé kí Mọ́mì rẹ má baà rí omi lójú mi. Ẹ̀bùn tó wà lọ́wọ́ rẹ kọjá tèmi, ó kọjá ti Ọ̀gá Jímọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù fi ń bà mí. Ọ̀bẹ tí kò mú kì í gé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ìyá Ràṣídà wà ní yàrá rẹ. Láti Sátidé yẹn ló ti wà níbẹ̀, èmi àti Mọ́mì rẹ kò jẹ́ kó padà sí Ìbàfò. A kó àwọn ìwé rẹ sínú pálọ̀, a tẹ́ ẹní ìrun fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mọ́mì rẹ àti òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í jọ ṣa ẹ̀wà, wọ́n ń bá ara wọn jiyàn lórí iyọ̀. Lánàá ni ìyá tó ń ta gáàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pè é, ó ní ọkùnrin náà padà wá, òun àti ẹnìkan, ó sì béèrè ibi tó lọ. Obìnrin náà ní òun sọ fún un pé ó ti lọ sí Ìlọrin.

Ó ń gbá àgbàlá bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo ní kó fi sílẹ̀, ó ní ọwọ́ òun ò lè dilẹ̀. Ìgbàkígbà tí ọ̀kadà bá dúró lẹ́nu géètì wa, á nàró, á di ọwọ̀ náà mú ṣinṣin, kò ní mira títí ọ̀kadà náà yóò fi lọ. Lẹ́yìn náà á tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó bi mí bóyá ìwọ ni mò ń kọ̀wé sí. Mo ní ìwọ ni. Ó ní kí n kí ọ, pé òun kò bínú sí ọ, pé ọmọ dáadáa ni ọ́, o kàn jìnnà ni. Ó wá ní, "Ṣé yóò gbọ́?"

Mo ní, "Yóò gbọ́. Èmi ni mo bí i."

Yọ ọ́ kúrò, Títí. Lẹ́yìn náà ni kí o pè wá. Má pè mí, òun ni kí o pè.

Bàbá tí ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ, tí kò lè wá gbà á padà,

Bàbá Títí.